Kọ̀ǹpútà Tó Gbóná Lórí Itan Ọ̀gá
Ẹ̀ṣẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣakin ni pé ó ń purọ́ fún àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé bí ọpọlọ (ìyẹn èròjà tó ń ṣe ìṣirò) kọ̀ǹpútà àgbélétan bá ti ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ti orí tábìlì, agbára wọn dọ́gba. Lọ́jọ́ tí Àdùfẹ́, ọmọṣẹ́ rẹ̀, sọ òótọ́ fún ayàwòrán kan tó wá ra kọ̀ǹpútà, pé agbára wọn kò dọ́gba, ọ̀gá jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo èrò ṣọ́ọ̀bù: "Láìtú ẹ̀rọ kankan, fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó ẹrù ẹ máa lọ!" Àdùfẹ́ gbé iṣẹ́ fídíò kan náà fún àgbélétan kan àti ti orí tábìlì kan tí ọpọlọ wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ ń sáré bákan náà, ọ̀gá sì ń fi í ṣẹ̀sín. "Ọ̀gá mi," ni Àdùfẹ́ wí, "ẹ gbé àgbélétan yìí lé itan yín bí orúkọ rẹ̀, kí ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi parí iṣẹ́." Ọ̀gá gbé e lé itan tìgbéraga-tìgbéraga. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí sọ́tùn-ún sósì. "Ọ̀gá, ṣé èèrà wà lórí àga ni?" ni ayàwòrán bi í. Bí àgbélétan ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ló ń falẹ̀ kí ó má baà jóná, ṣùgbọ́n ti orí tábìlì, tí fáànù ńlá ń fẹ́ sí, ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá fò dìde, ó ń fọwọ́ ra itan, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni mo ń pa fún yín. Ẹ forí jì mí. Àdùfẹ́, jọ̀ọ́, má lọ."