Ọwọ́ Ta Ni Ẹyẹ Irin Fi Pa Láníhùn?

Mo kí yín o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi tí etí yín kì í kún. Ẹ fa àpótí súnmọ́ mi, kí n ro àrà tí ojú kò rí rí fún yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rú yín lójú, ẹ má bú mi, nítorí ó rú Balógun Akínbọ̀dé gan-an lójú, akọni tí í rìn kí ilẹ̀ ó mì tìtì.

Nígbà tí ogun dó ti ìlú Etídò, Akínbọ̀dé ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ Òkè Èéfín rọ ẹyẹ irin kan, ẹyẹ tí ń dá rí, tí ń dá yàn, tí ń dá pa. Ó ní, "Ẹyẹ, ohunkóhun tó bá gba orí odò bọ̀, pa á." Ẹyẹ pa ọmọ ogun ọ̀tá lọ rẹpẹtẹ, ìlú sì fi oríkì tuntun kún ti Balógun: Apani-má-nawọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ń yan kiri bí àkùkọ. Àfi bí ẹyẹ ṣe pa Láníhùn atukọ̀, níbi tó ti ń gba orí odò sá ogun bọ̀ wálé. Àṣàkẹ́, ẹ̀gbọ́n Balógun lóbìnrin, ló bí i.

Ní Etídò, wọn kì í sin ẹni tí a pa títí apani yóò fi dúró létí sàárè, kí ó wí pé, "Èmi ni," kí ó bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó sì fi oyè sílẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ bọ́ ìyá olóògbé. Láìṣe bẹ́ẹ̀, òkú náà kò ní rọ́nà wọ ọ̀run.

Àṣàkẹ́ ní, "Àbúrò mi, ta ni n ó bi léèrè ọmọ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò mọ̀. N ó wá a kàn."

Ó gun ìjì lẹ́yìn, ó dé Òkè Èéfín, níbi tí iná ti ń hù lórí àwọn alágbẹ̀dẹ bí irun. Wọ́n ní, "Balógun, irin la rọ, a ò rán an níṣẹ́." Ó kọjá sí Igbó Olójú, lọ́dọ̀ iwin tó fi ojú sí ẹyẹ náà. Iwin ní, "Ojú ni mo fi sí i, n kò sọ ohun tí yóò wò fún un." Ó bá ẹyẹ fúnra rẹ̀ lórí àràbà. Ẹyẹ ní, "Iṣẹ́ tí a rán mi ni mo jẹ́. Bí ẹ bá dè mí, n kò ní sunkún. N kò ní ìyá, n kò mọ ohun tí ń jẹ́ ọmọ." Orí Akínbọ̀dé dàrú pátápátá. Ẹ ò rí nǹkan bí? Gbogbo wọn ló rojọ́, gbogbo ẹjọ́ ló tọ́, òkú sì wà nílẹ̀.

Níkẹyìn ó dé ẹnubodè ọ̀run, níbi tí Ìyá Àgbà Onídàájọ́ jókòó sí, ẹsẹ̀ kan láyé, ẹsẹ̀ kan lọ́run. Ìyá ní, "Kí ni oríkì rẹ?"

Ẹnu rẹ̀ yá: "Èmi Akínbọ̀dé, erin Etídò, Apani-má-nawọ́..."

"Ta ló pa àwọn ọ̀tá tí wọ́n fi ń kì ọ́?"

"Èmi ni." Ó gbọ́ ọ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá ní, "Ẹyẹ kan náà, lórí odò kan náà, ló pa Láníhùn. Máa lọ sílé."

Ó ṣì ń rú u lójú bí ẹni tí kò nawọ́ ṣe lè pànìyàn, síbẹ̀ ó bọ́ fìlà oyè, ó kúnlẹ̀ létí sàárè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

Àṣàkẹ́ ní, "Mo ti mọ̀. Ẹnu rẹ ni mo ń dúró dè. Bu erùpẹ̀." Ó fi ọwọ́ tí kò nà lójú ogun bù ú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹjọ́ tó tọ́ dà yín lórí rú. Bí ohun ìjà tí kò lọ́wọ́ bá pànìyàn, ẹ wá ẹni tí wọ́n ń fi í kì.