Balógun Iná àti Fìlà Háríhá

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ dáhùn kó délé, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun yó. Ààlọ́ mi kò yà síbòmíràn. Ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àparò, ó bà lé Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀, ó bà lé Òkété opó tó múlé tì wọ́n. Ọ̀yà náà wà níbẹ̀. Ọ̀yà kì í sí níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í wọ́n níbi ìpàdé.

Nígbà kan, àwọn ẹran àti ẹyẹ tẹ ìlú dó sínú ọ̀dàn. Koríko ọ̀dàn náà ga, ó ki, ó sì gbẹ. Bí iná bá ń wá ibi tí yóò ti jẹun yó, ibẹ̀ gan-an ni. Lọ́dọọdún ni ọyẹ́ ń dé. Lọ́dọọdún ni iná ń tẹ̀lé ọyẹ́. Lọ́dọọdún náà sì ni ẹnu ń ya gbogbo wọn, bí ẹni pé àlejò tí wọn kò rí rí ló dé.

Ní ọdún tó ṣáájú, iná pa ọmọ Òkété mẹ́rin mọ́nú ihò. Ẹnu kan ṣoṣo ni ihò náà ní, ibẹ̀ sì ni iná gbà wọlé. Òkété sunkún, ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó gbẹ́ ihò tuntun. Ó la ẹnu kejì sí i lẹ́yìn, lábẹ́ àpáta, níbi tí koríko kò sí.

Ọ̀yà rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ilé kan, ẹnu ọ̀nà méjì? Ṣé ẹ fẹ́ máa jáde lọ́hùn-ún kí ẹ wá máa kí ara yín káàbọ̀ níbí ni?"

Òkété ní, "Máa rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ẹ̀rín kọ́ ló pa àwọn ọmọ mi."

Nígbà tó ku oṣù kan kí ọyẹ́ dé, Òkété ké sí gbogbo ìlú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ro igbó yí ìlú ká. Kí ilẹ̀ mọ́ kedere, kó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Bí iná bá dé ibẹ̀ tí kò rí nǹkan jẹ, yóò kú fúnra rẹ̀." Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ló dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wá ká roko o,
*Ó dọ̀la.*
Ọyẹ́ ń bọ̀ lókè,
*Ó dọ̀la.*
Iná ò ní sùn lọ́nà,
*Ó dọ̀la.*
Ọmọ ń bẹ nílé o,
*Ó dọ̀la.*

Ẹ ṣeun, ẹ mọ orin í gbè. Àwọn náà mọ̀ ọ́n gbè. Gbígbè nìkan ni wọ́n sì mọ̀.

Wọ́n ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Ọ̀yà dìde. Ọ̀yà yìí kan náà, tí eyín rẹ̀ lè gé koríko yí ìlú ká kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó ní, "A kì í ṣiṣẹ́ láìní olórí. Ẹ jẹ́ ká yan olórí ná." Wọ́n jiyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n mú Àparò, nítorí ohùn rẹ̀ ròkè. Wọ́n fi í jẹ Balógun Iná. Ó ṣe ni láàánú pé kò sẹ́ni tó lọ sọ fún iná. Ẹ̀rù ì bá bà á.

Wọ́n ṣe ìpàdé kejì. Òkété ní, "Ìgbà wo la óò roko?" Ọ̀yà ní, "Fìlà oyè ńkọ́? Ṣé Balógun yóò máa gbé orí òfìfo kiri ni?" Wọ́n wá háríhá àgbàdo tó gbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n hun ún. Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí yóò bá iná jà, háríhá ni wọ́n fi ṣe fìlà fún un. Gbogbo ìlú sì ní ó yẹ ẹ́.

Wọ́n ṣe ìpàdé kẹta. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ẹni tí yóò máa jókòó lápá ọ̀tún Balógun. Ọ̀rọ̀ náà le. Wọ́n sún un sí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Àyọ̀ká ti yé ẹyin mẹ́sàn-án sáàárín koríko. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, àwọn tó wà lábẹ́ mi yìí kò lẹ́sẹ̀. Òkété ní ká kó wọn wá sínú ihò òun títí ọyẹ́ yóò fi kọjá."

Àparò tún fìlà dé. Ó ní, "Ọmọ Balógun Iná, nínú ihò òkété? Kí ni aráyé yóò sọ?"

"Wọn yóò sọ pé wọ́n wà láàyè."

"Àyọ̀ká, ó dọ̀la. A óò sọ ọ́ lọ́la."

Ọ̀la kò dé. Iná ló dé.

Ọ̀sán gangan ni. Afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn. Àyọ̀ká ní, "Baálé mi, iná ti dé. Ohùn rẹ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú ọ, ké kí ìlú gbọ́."

Àparò ní, "Fìlà mi dà? Balógun kì í bá ìlú sọ̀rọ̀ láìdé fìlà." Ó wá a lókè, ó wá a nílẹ̀. Ó rí i, ó dé e. Ó wúkọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, ṣáájú ohun gbogbo, mo kí yín, mo tún yín kí." Ibẹ̀ ni ewé kan tí iná wà lára rẹ̀ ti fò wá, ó bà lé háríhá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí iná ń fi háríhá ṣe. Láti orí dé ìrù ni iná kí Balógun Iná. Ó sá lọ, kò parí ìkíni.

Ọ̀yà ńkọ́? Ọ̀yà ti wà lódò. Ẹni tó lẹ́nu jù níbi ìpàdé ló lẹ́sẹ̀ jù lọ́jọ́ yẹn.

Àyọ̀ká kò sá. Ó fi ẹnu yí ẹyin kan títí dé abẹ́ àpáta. Òkété nawọ́ jáde látẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbà á. Àyọ̀ká padà, ó yí ìkejì wá. Ó padà, ó yí ìkẹta wá. Ìyẹ́ rẹ̀ ń jó. Nígbà tó fẹ́ padà lọ mú ìkẹrin, kò sí ọ̀nà mọ́. Ó dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ẹyin ṣe ń bẹ́ nínú iná. Mo ti bímọ rí, ẹ má jẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ọjà pé. Wọ́n ṣe ìpàdé wọn o, lórí eérú. Ọ̀yà dìde. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Balógun wa. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ì bá burú jù báyìí lọ. Ẹ jẹ́ ká fi oyè kan kún oyè rẹ̀."

Àyọ̀ká dé. Ó kó èèpo ẹyin mẹ́fà tó ti dúdú sílẹ̀ níwájú wọn. Ó ní, "Apá ọ̀tún Balógun tí ẹ ń jà lé lórí, ta ló padà jókòó síbẹ̀?"

Àyọ̀ká bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi èékánná ha ilẹ̀ níbi tí iná kò jó tán. Òkété bá a ha á. Òkété dá orin:

Ẹ wá ká roko o,

Ọ̀yà la ẹnu láti gbè é. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí èèpo ẹyin. Ó pa ẹnu dé, ó lọ gé koríko.

Ìdí nìyí tí ihò òkété fi ní ẹnu méjì títí di òní. Ìdí nìyí tí aṣọ àparò fi pọ́n bí aṣọ tí iná jó. Ẹ wá rò pé akọ àparò kọ́gbọ́n? Ẹ rìn wọ inú ọ̀dàn. Yóò gbọ́ ẹsẹ̀ yín lókèèrè, yóò lúgọ síbẹ̀. Yóò ku díẹ̀ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó fò, kó tó wá máa pariwo. Fìlà ló ṣì ń wá.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀wà tó wà lórí iná yìí jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde, ta ló pọnmi sínú ìkòkò ẹ̀yìnkùlé lónìí? Ẹ wò mí lójú kí ẹ dáhùn, ẹ má sì sọ fún mi pé ó dọ̀la.