Àáké Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Ààfin

Bí inú bá ń bí àwọn ará Èbúté-Orúrù sí àlejò, tí ọ̀rọ̀ sì fẹ́ di iṣu-ata-yán-an-yàn-an, àgbà kan á wúkọ́ láàárín wọn, á ní, "Ẹsẹ̀ kì í mú ayé fì, àáké ni ká bi léèrè." Kíá lariwo á rọlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á sì máa wò bọ̀ọ̀. Kí ló kan ẹsẹ̀ kan ayé? Àáké tí kò lẹ́nu, báwo lèèyàn ṣe ń bi í léèrè? Ẹ fara balẹ̀. Àáké tí à ń wí yìí ní ẹni tó ni ín. Ògúnlànà lorúkọ rẹ̀, ọkọ̀ gbígbẹ́ sì niṣẹ́ rẹ̀.

Ní gbogbo etí odò Àlàrẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ gbẹ́ bíi Ògúnlànà, kò sì sẹ́ni tó lágídí tó o. Bó bá ti ní báyìí lọ̀rọ̀ rí, ẹ má bá a jiyàn, àfi bí ẹ bá ti jẹun yó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Wúràọlá. Ìyá ọmọ náà kú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, nítorí náà àárín èérún igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ni Wúràọlá ti kọ́ ìrìn.

Apá ìwọ̀-oòrùn odò ni ìlú wà látayébáyé. Igbó lásán ni apá kejì. Ó wá di ọdún kan, òkun ru, ó gba ilẹ̀ àwọn ará Igbó-Ẹja, ni wọ́n bá kó ara wọn sínú ọkọ̀, tọmọdé tàgbà, wọ́n tọ odò bọ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ni wọ́n. Kábíyèsí ṣàánú wọn, ó fún wọn ní apá ìlà-oòrùn. Kò pẹ́ tí apẹja kan láàárín wọn, Bánjókòó, fi wá fẹ́ Wúràọlá. Ọkọ̀ tí Ògúnlànà fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún kẹta tí àwọn àlejò dé, òjò pẹ́ kó tó rọ̀. Nígbà tó sì rọ̀, ó rọ̀ bí ẹni ń bínú, ó dá, kò padà wá. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún apá ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ̀ onílé ń jókòó sínú ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, omi kún dé ẹnu ọ̀nà àwọn àlejò.

Olóyè Jagùnnà, tó ń ṣàkóso èbúté, ló kọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ náà lórúkọ. Ó dìde láàfin.

"Kábíyèsí, bí gbogbo èrò ọkọ̀ bá jókòó sápá kan, kí ni ọkọ̀ ń ṣe?"

"Á fì ni."

"Omi tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ibi tó bá fì sí ni yóò ṣàn lọ."

"Ó parí. Ọkọ̀ ni ayé. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ti lọ jókòó sápá ìlà-oòrùn, ayé ti fì. Odò ti ṣàn tọ̀ wọ́n lọ, òjò náà ti yà bàrá kúrò lórí wa. Kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá, ayé á tún dúró déédéé."

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nílùú tó jẹ́ pé "Ẹ má kó jọ sápá kan!" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ ń gbọ́ lórí omi, ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbà gbọ́. Gbogbo ààfin mi orí. Ògúnlànà náà mi orí. Kábíyèsí bá fún àwọn àlejò ní ọjọ́ mẹ́sàn-án láti kó ẹrù wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Wúràọlá wá bá bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ.

"Bàámi, inú òkun ni wọ́n ní ká padà sí."

"Kò sẹ́ni tí yóò lé ọ lọ síbì kan."

"Wọ́n ní ẹ mi orí sí i láàfin."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúnlànà lára ṣinṣin. Ọmọ rẹ̀ yíjú padà, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ ti ìdí.

Ìtìjú mú bàbá, ìbínú sì mú un, ó bá kọjú sí ọkọ̀ tuntun tó wà níwájú rẹ̀. Àṣà rẹ̀ ni pé bó bá gbẹ́ ọkọ̀ tán, á gbé e sórí igi àfẹ̀yìntì, á da omi sínú rẹ̀, á wo ibi tí omi ń lọ, torí omi kì í ṣojúsàájú. Ó da omi náà. Omi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ògúnlànà tẹjú mọ́ ọn títí, ló bá pariwo, "Háà!" Kò tilẹ̀ dúró wẹ ọwọ́, ààfin ló gbà lọ.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká bi omi. Mo máa gbé ọkọ̀ tuntun síwájú ààfin, máa da omi sí i, máa fi èédú fa ìlà síbi tí omi gùn dé lọ́tùn-ún àti lósì. Kí gbogbo wa wá lọ jókòó sápá ìlà-oòrùn. Bí ẹsẹ̀ bá ń mú ayé fì, omi á kúrò lórí ìlà."

"Bí omi bá kúrò ńkọ́?" Jagùnnà bi í.

"Èmi fúnra mi ni máa wa ọkọ̀ ọmọ mi jáde nílùú yìí."

Ọjọ́ karùn-ún ni gbogbo ìlú sọdá. Wọ́n gbé arọ, wọ́n fa ewúrẹ́, àwọn kan tilẹ̀ gbé ọlọ dání kí ìwọ̀n lè pé. Kábíyèsí àti Jagùnnà nìkan ló kù sídìí ọkọ̀. Jagùnnà tẹ̀ ba síbẹ̀ títí fìlà rẹ̀ fi já sómi. Wọ́n yọ fìlà, wọ́n dúró títí omi fi rọlẹ̀. Orí ìlà náà ló tún wà. Lọ́sàn-án, onílé àti àlejò ṣẹ́rí padà lápapọ̀, wọ́n kún apá ìwọ̀-oòrùn dẹ́múdẹ́mú. Omi ò mira.

Kábíyèsí bú sẹ́rìn-ín. "Ó jọ pé ayé ò tilẹ̀ mọ̀ pé a dìde."

Ṣùgbọ́n Jagùnnà kì í ṣe ẹni tí í tètè jáwọ́. "Ó dáa, ayé ò fì. Odò sá, àbí kò sá? Òjò kọ̀, àbí kò kọ̀? Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn yìí dé ni. Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ wọn, kí Ògúnlànà mú ẹni tó lé odò wá fún wa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa lọ."

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Kábíyèsí ní ọjọ́ kẹsàn-án ṣì dúró bí òun ṣe dá a.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn mọ́, Ògúnlànà wọ inú ẹrẹ̀ tó mú àwọn ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ wà á. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ń wà á lọ. Dúdú ni ẹrẹ̀ odò Àlàrẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ pupa ló ń wà jáde, ó jìn dé itan. Ibì kan ṣoṣo ni ilẹ̀ pupa wà nítòsí, ìyẹn Òkè Arère, lẹ́yìn ìlú, níbi tó ti ń gé igi ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan nínú ilẹ̀ náà, ó yọ ọ́, ó fi omi ṣàn án. Èérún igi ni. Ìlà tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀. Ó wa òmíràn, ìlà náà wà níbẹ̀. Ẹnu àáké Ògúnlànà kán díẹ̀ lápá kan, ìlà bẹ́ẹ̀ ló sì ń fi sára gbogbo igi tó bá kàn.

Ó gun òkè lọ. Kùkùté ló ń kí i káàbọ̀. Bàbá rẹ̀ kì í gé ọ̀kan láìfi méje sílẹ̀, á sì gbin òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Òun náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó di pé àlejò dé, tí wọ́n ń fẹ́ ọkọ̀, tí onílé náà rí ọkọ̀ àlejò, tí wọ́n ní àwọn náà ń fẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi gé ohun tí bàbá rẹ̀ ò gé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìsun omi abẹ́ òkè ti gbẹ. Kùrukùru òwúrọ̀ tó máa ń jókòó sórí igi, tó sì ń di òjò, kò ríbi jókòó mọ́. Gbogbo òjò tó rọ̀, ilẹ̀ òkè ló ń wọ́ lọ sínú odò, lápá ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń ti omi lọ sápá kejì.

Ẹ̀rù bà á. Ó jókòó sórí kùkùté, ó mọ̀ pé kò sẹ́lòmíì tó mọ̀. Bó bá sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ tán, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́. Bó bá dákẹ́, Wúràọlá á lọ bímọ sórí òkun. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn àlejò ti di ẹrù sọ́kọ̀. Wúràọlá jókòó sínú ọkọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ni Ògúnlànà bá yọ, ó ru apẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ pupa, ó fi àáké kọ́ èjìká. Iwájú Kábíyèsí, tó ti wà ní èbúté, ló lọ tààrà.

"Kábíyèsí, wọ́n ní kí n wá ẹni tó lé odò. Mo ti mú un dé." Ó gbé àáké náà sílẹ̀.

Jagùnnà rẹ́rìn-ín. "A ní kó mú èèyàn wá, ó mú irin wá!"

"Ẹ bi í léèrè, Olóyè. Bí kò bá dáhùn, máa gbẹnu sọ fún un."

Ó da apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀, ó ṣa àwọn èérún igi síta, ó gbé wọn sẹ́nu àáké lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí ìlà náà. Ó ro gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. "Èmi ni mo gé e. Àwọn àlejò ra ọkọ̀, ẹ̀yin náà rà. Olóyè, mẹ́rin nínú igi òkè yẹn, ẹ̀yin lẹ jókòó lé wọn. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò mú ayé fì. Ọwọ́ wa ló ṣe é, tonílé tàlejò, tèmi ló sì ṣáájú."

Jagùnnà wo ọkọ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ẹrẹ̀, ó sì gbé fìlà kúrò lórí. Kábíyèsí ló wá ní, "Ẹ tú ẹrù. Lọ́la, gbogbo wa ń lọ sókè."

Ọdún méje ni wọn ò gbé irin gé igi kankan lórí Òkè Arère. Onílé ń gbin igi, àlejò ń wa ẹrẹ̀, wọ́n tún ń pààrọ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ àlòkù ni Ògúnlànà ń tún ṣe jẹun. Odò ò fi ìkánjú padà o. Ọmọ tí Wúràọlá bí ti ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kí omi tó tún kan ẹsẹ̀ èbúté àtijọ́.

Wọ́n gbé àáké náà kọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin. Bí àjèjì bá kọjá tó béèrè ẹni tó ni ín, àwọn ará ìlú á fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò ó, nítorí wọ́n fẹ́ràn bàbá náà. Ògúnlànà kì í gbà fún wọn. Á fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde. "Èmi ni," lá wí.

Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé, títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di ẹ̀bi ọ̀dá ru ẹni tó wá forí pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, àgbà á ní kó kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀: ẹsẹ̀ kì í mú ayé fì, àáké ni ká bi léèrè.