Agbẹ̀bí àti Fọ́ọ̀mù Tí Kò Ṣeé Yẹ̀ Wò

Ọkùnrin kan wà nílé iṣẹ́ ìjọba kan tó jẹ́ pé òun ló ṣe fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn agbẹ̀bí fi ń yan ìlú tí wọ́n fẹ́ ti ṣiṣẹ́. Fọ́ọ̀mù náà ní ojú ìwé kan níparí, tó ń to gbogbo ohun tí ènìyàn kọ jọ, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́. Ọkùnrin yìí yọ ojú ìwé náà dànù. Ó ní ó ń fi àkókò ṣòfò.

Lọ́dún yẹn, agbẹ̀bí kan kọ fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ìgbẹ́tì, àjèjì ló sì ń bọ́ ọ. Ìgbẹ́tì ló fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìlú tí wọ́n tò síbẹ̀, Ìgàngàn ló wà lókè Ìgbẹ́tì, ìka rẹ̀ sì yọ̀. Kò mọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó rò pé ó ṣì ku ojú ìwé kan.

"A ti gbà á," ni fóònù dáhùn.

Ìgàngàn ni wọ́n pín in sí, ìrìn odindi ọjọ́ kan sí ìyá rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ilé iṣẹ́ ìjọba náà, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Lóṣù karùn-ún, ó wọkọ̀, ó já wọ ọ́fíìsì ọkùnrin náà. Ọ̀gá ọkùnrin náà wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tẹ Ìgàngàn," ni ọkùnrin náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Obìnrin náà dá a lóhùn pé, "Akọ̀wé tó ń bá bàbá mi kọ lẹ́tà, á kà á sí i létí kó tó lẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá mi ò mọ̀wé, síbẹ̀ akọ̀wé bọ̀wọ̀ fún un. Ìwọ ńkọ́?" Ó na fóònù rẹ̀ sí i. "Gbà. Kọ tìrẹ sínú fọ́ọ̀mù yìí níwájú ọ̀gá rẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yára kọ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì. Bọ́wọ́ rẹ̀ ṣe kúrò níbẹ̀ ló rántí pé ọdún ìbí obìnrin náà, tí fóònù ti kọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù náà, òun ò yí i padà.

"Áà! Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná!"

"Kí o wò ó níbo?" ni agbẹ̀bí bi í.

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó pàṣẹ kí wọ́n dá ojú ìwé náà padà lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì fọwọ́ sí ìwé tó gbé obìnrin náà lọ sí Ìgbẹ́tì. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bó bá ti fún un ní ẹ̀kọ mu, ìyá á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ń gba ọwọ́ rẹ kọjá, ìwọ ni mò ń bá wí. Má sọ fún mi pé àṣìṣe tiwọn ni. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí wọ́n tó lè bojú wẹ̀yìn. Fi ohun tí wọ́n kọ hàn wọ́n, ní ọ̀rọ̀ tó yé wọn, kí o sì fi ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe sójútáyé. Bó bá ni ọ́ lára, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run.