Ọ̀gá Tí Ó Kọ Orúkọ Ara Rẹ̀ Sí Ìwé Òṣìṣẹ́

Ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ òfin ti sú. Ilé ìlagi ni ó ní, ní ẹ̀bá ọ̀nà Oǹdó, níbi tí àwọn lọ́rì agbégẹdú ti máa ń já ìtì igi sílẹ̀ láti àárọ̀. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyẹn nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ayùn kan àti ìwé àṣẹ kan péré ni ó ní. Nígbà tí à ń wí yìí, ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju pákó lọ. Bí wọ́n bá ṣe òfin igbó lónìí, wọn a ṣe ti owó orí lọ́la, bó bá di ọ̀tunla wọn a tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Gbogbo lẹ́tà tí ó bá dé ni ó máa ń tì sínú dúróà tábìlì rẹ̀, a sì ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mí ná."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí bó bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, ìtàn yìí kò ní kan èmi àti ìwọ. Òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ni ó ní, kò sì sí èyí tí ó ń pè é ní ọ̀gá nínú wọn. Bàbá ni wọ́n ń pè é. Bí ìyàwó ọ̀kan bá bímọ, àga iwájú ni tirẹ̀ níbi ìkómọ. Bí ara ọ̀kan kò bá yá, òun ni yóò gbé e dé ọsibítù. Bí ọ̀kan bá bá ìyàwó rẹ̀ jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Ní ọdún kan, òfin tuntun jáde. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ènìyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kí ó máa san nǹkan díẹ̀díẹ̀ lórí wọn, tó fi jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá pa òṣìṣẹ́, owó yóò wà fún àwọn ará ilé rẹ̀. Òfin tó dára ni. Ọ̀gá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógún wá, ó sì pe gbogbo wọn jọ sábẹ́ páànù níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán.

Wọ́n kọ orúkọ, wọ́n kọ ọjọ́ orí. Nígbà tí wọ́n dé ìlà tó ń bèèrè ẹni tí yóò gba owó náà bí òṣìṣẹ́ bá kú, gbogbo bírò dúró. Ìwọ náà kúkú mọ̀ wá. A lè fi ọwọ́ lásán ti igi sẹ́nu ayùn láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ̀rọ̀ ikú ara wa sórí ìwé, ara wa kò gbà á.

"Bàbá," ni ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn wí, "ta ní ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún òun, tí yóò sì tún lọ jẹ ẹ̀bà ọwọ́ ẹni náà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní bí òun bá kọ orúkọ ìyàwó òun, àwọn ẹ̀gbọ́n òun yóò ní obìnrin ti gbé òun jẹ. Òmíràn ní bí òun bá kọ ti ẹ̀gbọ́n, ìyàwó òun kò ní jẹ́ kí òun sinmi nílé. Ni àgbà náà bá tún gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ kọ orúkọ tiyín síbẹ̀, Bàbá. Bí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ò ní jẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ó ṣe ṣe é."

"Ṣé ó tẹ́ gbogbo yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀?"

"Ó tẹ́ wa lọ́rùn, Bàbá."

Orí ọ̀gá náà wú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù mọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ nígbà mẹ́tàdínlógún, àwọn òṣìṣẹ́ sì fọwọ́ sí i.

Kò pé ọdún kan tí òfin tún yí padà. Àwọn ọ̀gá kan níbòmíràn ti ń gba owó òkú òṣìṣẹ́ jẹ, àwọn adájọ́ sì ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú wọn. Nítorí náà wọ́n ní ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò gba owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kí olúkúlùkù tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ láàárín oṣù mẹ́fà. Lẹ́tà dé. Ọ̀gá rí òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò lára rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n tún ti dé," ló wí, ó sì tì í sínú dúróà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ní òun kò ní kà á o. Ó kàn ní òun yóò kà á nígbà tí ara bá tu òun. Oṣù mẹ́fà kọjá, ara kò tù ú.

Ní oṣù kẹjọ tí lẹ́tà náà ti dé, lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ ń yọ̀, ìtì igi kan yí kúrò lórí òkítì, ó sì tẹ òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Láṣebíkan pa. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ọ̀gá sunkún bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Òun ni ó ra pósí. Òun ni ó dúró ti opó náà nígbà tí wọ́n ń bo sàréè, ó sì sọ fún un níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Má bẹ̀rù. Àwọn ọmọ yìí yóò kàwé. Ohun tí wọ́n máa fi kàwé wà nílẹ̀." Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀gá sunkún, kò rántí pé lẹ́tà kan wà nínú dúróà.

Ọkàn mímọ́ ni ó fi lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Akọ̀wé obìnrin kan ni ó bá níbẹ̀, ọmọ tí ó lè bí. Ó yẹ ìwé wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Bàbá, orúkọ yín ló wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà á fún."

"Ẹ ò lè gbà á, sà. Òfin ti gba ìyẹn lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí a ti kọ lẹ́tà sí yín."

"Ó dáa, ẹ kó o fún ìyàwó rẹ̀ fúnra yín."

"Orúkọ rẹ̀ dà, sà?" Ó yí ìwé náà kọjú sí i. "Kò sí orúkọ ẹlòmíràn níbí. Ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè sọ ẹni tó ni ín. Ẹ má bínú."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n Láṣebíkan yọjú. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní obìnrin yìí kò ní ìwé ìgbéyàwó. Nígbà tí ó ní wọ́n ṣe ìdána òun, wọ́n ní àwọn kò rántí ìdána kankan. Wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún ń sún un. Ọ̀gá ń lọ jẹ́rìí, ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ láti òwúrọ̀, wọn a sì ní kí ó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ọdún kan àbọ̀ kọjá. Níkẹyìn wọ́n ní ti àwọn ọmọ ni owó náà, kí ẹ̀gbọ́n àgbà máa bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tó tún fojú kan owó náà mọ́. Àkọ́bí Láṣebíkan kúrò ní ilé-ìwé, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ.

Ní ilé ìlagi, wọ́n ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé Bàbá ló jẹ owó òkú. Ó gbọ́. Ó dùn ún wọ eegun, ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n bá nínú ìwé.

Ó gbé àpò ìrẹsì kan, ó lọ kí opó náà. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé àga fún un.

"Bàbá, mi ò bínú sí yín," ló wí. "Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ ìwé yẹn, nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní orúkọ mi ló wu òun láti kọ. Mo ní kí ló wá dé tí o ò kọ ọ́? Ó ní ojú yín lòun wò. Ó ní gbogbo wọn ló ní kí ẹ kọ tiyín, tí òun bá wá dá kọ tèmi, á dà bíi pé òun ò kà yín sí bàbá."

Ọ̀gá dìde, ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó lè ṣáná sí i.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fa dúróà yọ, ó da àwọn lẹ́tà sórí tábìlì, ó sì kà wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì ó lọ gba fọ́ọ̀mù mẹ́rìndínlógún, ó sì pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ sábẹ́ páànù. Wọ́n dé ìlà yẹn. Ìwọ lè rò pé ojú wọn ti là. Àgbà wọn wú ikọ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, bí òfin bá ní kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ kúkú kọ orúkọ Ìyá wa nílé."

Ìyàwó ọ̀gá ni ó ń wí o.

Ọ̀gá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ̀ ẹ́ ju bí ó ti ń rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Kò pariwo.

"Èmi kì í ṣe bàbá yín," ó ní. "Ọ̀gá yín ni mí. Mo gbà yín síṣẹ́, mo sì ń san owó oṣù fún yín. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ ará ilé rẹ̀ síbẹ̀, tàbí kí ó má fẹsẹ̀ kan ibi ayùn lọ́la."

Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Omi lé sójú ẹlòmíràn. Àgbà wọn fi ìbínú tẹ bírò mọ́ ìwé débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Nígbà tí iṣẹ́ parí, "Ó dàárọ̀, ọ̀gá" ni wọ́n kí i, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń kí i títí di òní. Kò tíì mọ́ ọn lára. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ. Wọ́n ń pe èmi náà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bí ó ti ń dùn tó. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ kò sì ní sọ ọ́ fún ọ pé ojú rẹ ni kò jẹ́ kí àwọn ṣe ohun tó wà lọ́kàn àwọn. Lẹ́tà tó sú ọ láti kà yẹn, oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn lè wà nínú rẹ̀. Ibi tí ìyàwó ẹlòmíràn yẹ kí ó dúró sí, bí o bá bá ara rẹ níbẹ̀, tètè yẹ̀ kúrò, kódà bí ó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló bẹ̀ ọ́ kí o dúró. Wọn yóò bínú sí ọ. Jẹ́ kí wọ́n bínú nígbà tí ẹ̀mí wọn ṣì wà.