Eyín Tí Ìyá Òkété Kò Tu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi kò lè sáré lálẹ́ yìí. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà Òkété, ó jókòó síbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń gbé inú ilé tí wọ́n fi koríko bo òrùlé rẹ̀, tí Ìjàpá sì ní eyín lẹ́nu bíi tiwa, Ìyá Òkété di opó. Tàkúté ni ó pa ọkọ rẹ̀. Kí ó tó kú, ó ti ṣa èkùrọ́ jọ sí igun ilé, òkìtì ńlá kan, pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kí ebi má pa àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n. Eyín wọn kò tíì le. Ìyá wọn ni ó ń fi eyín iwájú pa èkùrọ́ fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan le jù. Kẹ̀ẹ́! Eyín Ìyá Òkété là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò ká. Ó kàn là, ó sì ń ro ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi sùn. Ẹkún ọkọ kò tíì tán lójú rẹ̀, ti eyín tún dé.

Ìjàpá gbọ́. Ó wá kí i.

"Ìyá Òkété, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú àìsùn."

"O ṣeun, Ìjàpá."

"Ẹ la ẹnu kí n wò ó. Háà! Eyín yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká tu ú."

"Kí n tu ú? Kí ni n ó fi bọ́ àwọn ọmọ?"

"Òmíràn á hù. Ṣebí tí eyín àwọn ọmọ yín bá ká, orí òrùlé ni ẹ ń jù ú sí, tí Alángbá kò bá sì ti rí i, tuntun a hù?"

"Eyín ọmọdé nìyẹn."

"Ta ló sọ fún yín pé òrùlé ń béèrè ọjọ́ orí?"

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára òkìtì èkùrọ́. "Títí tuntun yóò fi hù, n ó máa gbé èkùrọ́ yín lọ sílé mi, n ó máa bá yín pa á. Ẹ̀yin, ẹ sinmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Òkété lára. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó sinmi. Síbẹ̀ ó béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti tu tìrẹ rí?"

"Ìsinsìnyí ni n ó tu ú, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

Ìjàpá kọ ẹ̀yìn sí i. Ó gbọn ara, ó ké "Yéè!" Ó yọ hóró àgbàdo funfun kan lábẹ́ ìkarahun rẹ̀, ó gbé e sókè fìrí, ó jù ú sórí òrùlé.

"Ó tán! Kò dunni rárá."

"O ṣáà ké."

"Ayọ̀ ni mo fi ké."

Ìyá Òkété mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Bu èkùrọ́ kún apẹ̀rẹ̀ kan ná, kí o wá tu ú. Ó ti rẹ̀ mí."

Ìjàpá bu apẹ̀rẹ̀ kún dé ẹnu. Ó so okùn mọ́ eyín náà, ó di etí okùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é:

Eyín tó là,
*Jáde o!*
Tuntun ń bọ̀,
*Jáde o!*
Kí Alángbá má rí ọ,
*Jáde o!*

Ó kù díẹ̀ kó fa okùn. Gbì! Nǹkan já bọ́ láti orí òrùlé. Alángbá ni. Ó ti ń yá oòrùn níbẹ̀ láti àárọ̀.

"Ìjàpá, mo gbọ́ orúkọ mi. O ṣeun o. Àgbàdo tí o jù sókè yẹn dùn. Ṣé ó ṣì kù?"



"Àgbàdo wo?" Ìyá Òkété béèrè, okùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Funfun kan báyìí. Ẹyọ kan péré ló jù. Ahun!"

"Ìjàpá, la ẹnu rẹ kí n rí i."

Ìjàpá pa ẹnu dé gbọnin. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó sá wọ igbó. Ìyá Òkété kò lé e. Kò ṣépè. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń tú okùn náà díẹ̀díẹ̀.

Nínú igbó, ẹ̀rù ń ba Ìjàpá pé wọn yóò bá a. Ó fẹ́ tètè jẹ ẹ́ tán. Òkété a máa họ etí èkùrọ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi lu. Ìjàpá kò mọ èyí. Ó kó mẹ́fà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ó di ojú, ó fi gbogbo agbára gé e. Kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́! Kò ku eyín kan lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, eyín rẹ̀ wà nínú ewé, ẹnu rẹ̀ ti wọ inú. "Ìyá Òkété, kí ni n ó ṣe?"

"Jù ú sórí òrùlé. Ṣebí òrùlé kì í béèrè ọjọ́ orí."

Ó jù ú. Alángbá ti wà níbẹ̀. Ó wo àwọn eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí: "Mo rí i. Mo rí i. Mo rí i." Títí di òní ó ṣì ń mi orí. Títí di òní Ìjàpá kò léyín.

Ìyá Òkété ní tirẹ̀ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ fọ ẹnu, ó sùn. Àwọn ọmọ ń ṣa èso tó rọ̀ wá. Ọjọ́ díẹ̀ kọjá, eyín náà dúró. Ó là síbẹ̀. Tí ọyẹ́ bá mú, a máa ro ó. Yóò fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, yóò dúró dìgbà tí yóò rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò mú ẹyọ kan nínú èkùrọ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣa jọ, yóò yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹnu, yóò bẹ̀rẹ̀ láti etí.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e kalẹ̀ síwájú yín. Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹnì kan bá ní kí ẹ sọ nǹkan yín nù, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ojú rẹ̀ ń wò. Ẹ̀yin àgbà, ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín jù lọ, ẹ má pinnu ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Ẹ sùn ná.