Tíṣà tó Sọ Ọmọ Rẹ̀ ní Gladness

Fọlárìn, gbọ́ ná: ọkùnrin kan wà ní ìlú tí mo dàgbà sí, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni. Fi ọ̀rọ̀ àwọ́ọ̀dù tí o fẹ́ kí ìjọ fún ìyàwó rẹ sílẹ̀ ná, mo ti gbọ́. Jókòó dáadáa, kí o ki fóònù yẹn bọ àpò. Ọ̀rọ̀ tíṣà yìí kò gùn.

Ohun tó fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ ni bí wọ́n ṣe ń fi ìrù sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrù ni òun fúnra rẹ̀ ń pè é. Yóò kọ kind sójú pátákó, yóò fi ness sí ìdí rẹ̀, yóò ní, "Ẹ wò ó. Kind ń wá ènìyàn tí yóò fara tì: ọkùnrin kind, obìnrin kind. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ìrù, ó di kindness. Ó dá dúró nìyẹn, kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe sọ honest di honesty, tí yóò sọ patient di patience. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é ní Tíṣà Onírù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀, kò bínú.

Ohun tí kò ní ni ọmọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá ọmọ títí, ojú wọn rí màbo. Nígbà tí Ọlọ́run wá dá wọn lóhùn, obìnrin ló dé. Ìyá tíṣà gbé ọmọ náà lọ́wọ́, ó kì í, ó sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró. Tíṣà ní rárá. Ó ní bí inú òun ṣe dùn tó yìí, glad nìkan kò gbà á, nítorí ẹni tó glad lónìí lè má glad lọ́la. Òun fẹ́ èyí tó ń dá dúró. Ó sọ ọmọ náà ní Gladness, ó sì kìlọ̀ pé orúkọ mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Ìyá rẹ̀ padà sí abúlé, ó ń dá nìkan pe Àwẹ̀ró nínú àdúrà rẹ̀.

Má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ.

Bí ọmọ náà bá ṣubú, tó fẹ́ sunkún, bàbá rẹ̀ a gbé e, a nu eruku orúnkún rẹ̀, a ní, "Gladness kì í sunkún. Ẹ̀rín dà?" Ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá dé, a pè é jáde kí wọ́n wá rí ẹ̀rín rẹ̀. Àlejò á ní orúkọ yìí bá a mu o. Ìyá ọmọ rí i nígbà mìíràn pé ẹnu ọmọ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní kó má sọ ọ̀rọ̀ òdì sí ọmọ òun.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà. Kò sọ. Ó ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ń rìn kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ bí arúgbó, bí wọ́n bá bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Kò sí nǹkan, sà." Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dìde lórí ẹní, ó sì ṣubú lulẹ̀. Tíṣà gbé e mọ́ra lórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù.

Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ti rẹ dókítà. Ó fọwọ́ tẹ ikùn ọmọ náà, ó bi í bóyá ó ń dùn ún. Ọmọ wo ojú bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, sà." Dókítà tún tẹ apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ọmọ tún rẹ́rìn-ín. Dókítà ní, "Bàbá, ọmọ tí nǹkan ń ṣe gidi kò lè máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ gba oògùn aràn, ẹ máa mú un lọ sílé." Ó ti ń wo ẹni tó kàn.

Fọlárìn, nínú gbogbo ẹni tó wà ní yàrá yẹn, bàbá yẹn nìkan ló mọ ẹ̀rín yẹn. Òun ló kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá mú un lọ sílé, ọmọ náà yóò máa rẹ́rìn-ín títí yóò fi kú. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó wá orúkọ tó ti lé kúrò nílé.

"Àwẹ̀ró," ó ní. "Àwẹ̀ró, ọmọ mi. Kì í ṣe Gladness ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Níbo ló ti ń dùn ọ́?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Lẹ́yìn náà ó ké. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta dìde dúró. Ó mú ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e lé ibi tó ń dùn ún, ó ní, "Ó ti pẹ́, Dádì." Dókítà fi bírò sílẹ̀, ó padà wá. Wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ìfun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní appendix ló ti wú, ó kù díẹ̀ kó bẹ́ sí i nínú.

Ó yè. Tíṣà ṣì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìrù sí ọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró ni yóò kọ́kọ́ pè, yóò bi í pé báwo ni òní ṣe rí, yóò sì dúró gbọ́. Ọjọ́ mìíràn ọmọ á ní òní ò dáa rárá. Bàbá á sún mọ́ ọn, á ní kó sọ ọ́.

Ìwọ náà ńkọ́? Ìwọ tí o dìde nínú ìjọ, tí o ní ìyàwó rẹ kì í bínú, pé sùúrù gan-an lo gbé wá sílé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo sì rí ojú rẹ̀ nígbà tí à ń pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ wà lọ́rùn rẹ̀, àbúrò rẹ tún ń kó ẹrù bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ìyàwó rẹ wá sílé wa, ó fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó fọ̀. Ìyàwó mi bi í pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí nǹkan, mà."

Mi ò ní kí o má yìn ín. Obìnrin náà tó yìn. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé àwọ́ọ̀dù Sùúrù lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ìjọ, níbo ni yóò ti wá sọ pé ó ti rẹ òun? Kí ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é? Àlàkẹ́, àbí? Ìgbà wo lo pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?

Dìde, máa lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ bá a ní kíṣìnnì, kí o pè é ní Àlàkẹ́, kí o bi í níbi tó ti ń dùn ún. Bó bá ní kò sí nǹkan, má gbà, má sì kúrò níbẹ̀. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Fọlárìn, jọ̀ọ́, má ní kó dákẹ́.